Bí omi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìgbòkun bá ń dín kù

Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ìgbòkun ṣòwò kò gbọdọ̀ sáré sanwó ẹ́ńjìnnì títún nítorí pé omi rẹ̀ ń dín kù. Kó nu abẹ́ ẹ́ńjìnnì gbẹ, kó tẹ́ bébà síbẹ̀, kó wá tan án. Kó má ṣí ọmọrí rẹ̀ tó bá gbóná o, ó lè bó o lójú.

Bí omi aláwọ̀ ewé bá kán láti ẹnu páìpù rọ́bà, ìdè ibẹ̀ ló sábà máa ń dẹ̀. Kó fún un. Bó bá ń sun láti ihò kékeré abẹ́ pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ti ń bàjẹ́ nìyẹn.

Bébà gbẹ ńkọ́? Kó wo ọ́ìlì. Bó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀, kó má tan án mọ́. Bí ọ́ìlì bá mọ́, ó ṣeé ṣe kí irin tí omi òkun ti ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù ti lu. Omi náà ń bá ti òkun jáde, ojú kò sì rí i.