Ẹja Kékeré Tí Ó Mọ Ìjàkadì

Gbogbo Yorùbá ni ó mọ ará Ọ̀fà mọ́ ìjàkadì. Nítorí náà, bí Ọ̀fà tilẹ̀ jìnnà sí òkun, ó dá wa lójú pé wọn yóò fẹ́ gbọ́ nípa ẹja kan tí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ, síbẹ̀ tí kì í sá fún ẹni tí ó jù ú lọ.

Damselfish ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Irú rẹ̀ tó 400: a rí aláwọ̀ aró, a rí aláwọ̀ òféèfèé, a rí abilà. Wọ́n wà nítòsí wa ní erékùṣù São Tomé, ṣùgbọ́n inú òkìtì iyùn ni ọ̀pọ̀ wọn fi ṣe ilé. Iyùn kì í ṣe òkúta lásán. Ẹ̀dá alààyè kéékèèké ni ó ń mọ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí ikán ti ń mọ ilé rẹ̀.

Bí abo bá yé ẹyin tán, akọ ni yóò máa ṣọ́ ọ, tí yóò máa fi lẹbẹ fẹ́ ẹ títí yóò fi pa. Àwọn mìíràn jẹ́ àgbẹ̀: wọ́n ń tọ́jú oko ewé òkun, wọ́n ń tu èyí tí wọn kò fẹ́ dànù, wọ́n sì ń lé olè, ìbáà ṣe ẹja ńlá, ìbáà ṣe òmùwẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá kan wà tí ìjàkadì kò lè dá. Èéfín epo àti èédú tí aráyé ń jó ń mú òkun gbóná. Bí ooru bá pọ̀ jù, iyùn a pàdánù àwọn ewé tíntìntín tí ń bọ́ ọ, a sì funfun bí egungun. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, a kú. Òkìtì iyùn ńlá ilẹ̀ Ọsirélíà, tí ó gùn ju 2,300 kìlómítà lọ, rí àjálù yìí ní 2016 àti ní 2017. Ní oṣù kẹrin 2024, àwọn onímọ̀ kéde pé ó ti kárí ayé nígbà kẹrin. Akin tí ilé rẹ̀ wó, ibo ni yóò dúró sí jà?

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ooru tí ń pa iyùn kò ní yọ oko ànàmọ́ Ọ̀fà sílẹ̀, gáàsì tí a sì ń sun dànù ní ìsàlẹ̀ odò Ọya wà lára èéfín náà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ẹja yìí kọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn tí ń du ipò bá tún wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí iná gáàsì yóò kú.