Ọkọ̀ Abẹ́ Omi Tí Ó Pọn Ọmọ

Bí ọkọ̀ abẹ́ omi bá mọ̀ ọ́n sá pamọ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí òmíràn tún ń gbé ọkọ̀ kékeré sẹ́yìn? Ìdí rẹ̀ ni pé ọkọ̀ ńlá kò lè wọ èbúté tí omi rẹ̀ kò jìn, tí wọ́n sì fi àwọ̀n irin dí lẹ́nu. Ọkọ̀ kékeré lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bátìrì ni ó fi ń rìn, kò lè rin ìrìn-àjò gígùn. Nítorí náà ni ìyá ṣe ń pọn ọmọ dé ẹnu ọ̀nà. Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣe é títí di òní, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ará Ítálì ni mo fẹ́ sọ.

Ní oṣù Disẹ́ńbà 1941, nígbà tí wọ́n ń bá Gẹ̀ẹ́sì jagun, ọkọ̀ abẹ́ omi wọn tí ń jẹ́ Scirè gbé àgbá irin mẹ́ta sórí, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Ọkọ̀ kékeré kan wà nínú àgbá kọ̀ọ̀kan, ó gùn tó nǹkan bíi mítà 7. "Ẹlẹ́dẹ̀" ni àwọn tí ń gùn ún sọ ọ́, nítorí pé ó ṣòro darí! Ènìyàn méjì a gùn ún bí ẹni gun ẹṣin, wọn a sì máa mí láti inú àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n so mọ́ àyà. Orí ọkọ̀ náà ni bọ́ǹbù, ó sì ṣeé tú kúrò.

Ní alẹ́ ọjọ́ 18, Scirè tú wọn sílẹ̀ lẹ́bàá èbúté Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, ó sì yí padà. Kò dúró dè wọ́n. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí àwọ̀n fún ọkọ̀ ogun tiwọn, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá a wọlé.

Ọkọ̀ Luigi Durand de la Penne kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nísàlẹ̀ omi. Àárẹ̀ mú Emilio Bianchi tí wọ́n jọ gùn ún, ó léfòó lọ sókè. De la Penne nìkan ni ó wọ́ ọ nínú ẹrẹ̀ dé abẹ́ ọkọ̀ ogun Valiant. Ó yí aago bọ́ǹbù, ó jáde sókè, ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n bi í léèrè, ó dákẹ́. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà gan-an ni wọ́n tì í mọ́, nítòsí bọ́ǹbù tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé síbẹ̀! Nígbà tí àkókò kù díẹ̀, ó ní kí wọ́n mú òun lọ bá ọ̀gá ọkọ̀, Charles Morgan. Ó ní kí ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde. Ibi tí bọ́ǹbù wà ni kò sọ. Wọ́n dá a padà sísàlẹ̀. Bọ́ǹbù bú gbàmù, kò sì pa á.

Valiant àti Queen Elizabeth, tí àwọn méjì mìíràn dẹ bọ́ǹbù sí, jókòó sórí ẹrẹ̀. Ọkọ̀ epo kan náà kò yọ. Ṣùgbọ́n omi kò jìn, àwọn ọkọ̀ ogun náà dúró ṣánṣán, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n mú. Nígbà tí ó di 1945, tí Ítálì ti wà lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fún de la Penne ní àmì ẹ̀yẹ wúrà. Morgan ni ó fi kọ́ ọ láyà.