Ẹyin Tí Wọ́n Ń Fi Ìda Kọ Ní Ilẹ̀ Ukraine

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àdìrẹ ni yóò kọ́kọ́ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ lósù yìí.

Ní ilẹ̀ Ukraine, ní ìlà-oòrùn Yúróòpù, láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni àwọn obìnrin ti ń ṣọnà sára ẹyin adìẹ kí ọdún Àjíǹde tó dé. Pysanka ni wọ́n ń pè é. Inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "kọ̀wé" ni orúkọ náà ti wá. Wọn kì í sọ pé àwọn kun ẹyin, wọ́n ní àwọn kọ ọ́ ni.

Ẹyin tútù ni wọ́n ń lò, wọn ò sè é. Wọ́n á yọ́ ìda oyin lórí iná àbẹ́là, wọ́n á fi irin kékeré kan tó dà bí àrọ tí a fi ń rọ epo, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, fa ìlà sára ẹyin. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ kó wà ní funfun ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi ìda bò. Wọ́n á kì í bọ aró ìyeyè, wọ́n á tún fi ìda bo ibi tí wọ́n fẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀, kó tó wọ inú pupa, títí tó fi kan dúdú. Nígbà yẹn, ìda ti bò ó wúruwùru, ẹ ò ní fún un ní kọ́bọ̀! Wọ́n á wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ìda á yọ́, wọ́n á fi aṣọ nù ún, gbogbo àwọ̀ á sì yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó bá fọ́ lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ òòjọ́ ti lọ nìyẹn.

Àbí kì í ṣe bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ l'Abẹ́òkúta kí ó tó wọ aró nìyẹn? Ibi tí a bá dí, aró kò ní wọ ibẹ̀.

Èyí tó kan àwa alájẹṣẹ́kù jù nìyí. Lọ́dún 1922, ní ìlú Lviv, àwọn obìnrin Ukraine dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀, wọ́n pè é ní Ukrainske Narodne Mystetstvo. Láti 1925 sí 1939 ni ẹgbẹ́ náà ń tẹ ìwé ìròyìn obìnrin, Nova Khata. Lójú tèmi, ọgbọ́n ni. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣọnà l'ábúlé kì í mọ iye tí wọ́n ń ta iṣẹ́ rẹ̀ nílùú, alágbàtà ló mọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ní ìwé tirẹ̀ lè bá oníbàárà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ogun 1939 ló dá ìwé náà dúró. Ìjọba Soviet tó wọlé kò fẹ́ ohunkóhun tó bá jọ ẹ̀sìn, pysanka sì di ohun ìkọ̀kọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ àwọn tó ti ṣí lọ sí Kánádà kò jẹ́ kó kú. Ní Vegreville níbẹ̀, wọ́n gbé èyí tó tóbi ju ilé lọ sójú ìta ní 1975. Ní Kolomyia, ní Ukraine gan-an, ilé ọnà tí wọ́n kọ́ bí ẹyin wà níbẹ̀ láti ọdún 2000.

UNESCO forúkọ pysanka sílẹ̀ ní December 2024, Ukraine àti Estonia ló jọ gbé e lọ. Wọ́n ń fi igi gbẹ́ ẹyin fún àwọn àlejò báyìí, nítorí kò lè fọ́ nínú àpò.