Martham àti Kúdẹtì

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkàwé wa ní Ìbàdàn ni ó mọ Ìjọ Dáfídì Mímọ́ ní Kúdẹtì, bóyá nítorí pé ibẹ̀ ni a gbé ṣe ìrìbọmi fún wọn, tàbí nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn gbé kọ́ a-b-d. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè ibi tí a sin ìyá tí ó bá wa tọ́ ìjọ náà láti kékeré, agbára káká ni a ó fi rí ẹnì kan nínú mẹ́wàá tí yóò dáhùn. Ìdáhùn rẹ̀ ni Martham.

Abúlé àwọn àgbẹ̀ ni Martham í ṣe, ní ẹkùn Norfolk, níhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì jìnnà sí Great Yarmouth tí ó wà létí òkun. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí òkè kan níbẹ̀ tí a lè fi wé Òkè Mapó. Adágún àti àbàtà ni ó pọ̀ lágbègbè rẹ̀. Pápá koríko àti ọ̀gọ̀dọ̀ omi wà láàárín àwọn ilé, ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Mímọ́ sì ga ju gbogbo wọn lọ.

Kí ẹ má ṣe rò pé ìjọ irú abúlé bẹ́ẹ̀ rí bí tiwa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a ti pín gbogbo ilẹ̀ sí ẹkùn ṣọ́ọ̀ṣì láti ayébáyé. Ẹni tí ń gbé inú ẹkùn kan, ìbáà máa wá sí ìsìn, ìbáà má wá, ó ní ẹ̀tọ́ sí àlúfáà ibẹ̀ nígbà ìgbéyàwó àti nígbà ìsìnkú. Inú ìjọ ni a bí i sí. Ní Ìbàdàn ìgbàanì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ẹni tí yóò wọ ìjọ ní láti jáde láti inú agbo ilé rẹ̀, nígbà púpọ̀ pẹ̀lú omijé àti ìyà. Bẹ́ẹ̀ ni ti itẹ́ òkú tí ó yí ṣọ́ọ̀ṣì Gẹ̀ẹ́sì ká, ohun àjèjì ni lójú àwọn baba wa tí ń sin òkú wọn sínú ilé.

Ní Hempnall, abúlé mìíràn ní Norfolk yìí kan náà, ni a bí Anna Martin ní ọdún 1827. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Ní Lowestoft, lábẹ́ àlúfáà Francis Cunningham, ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ní ọdún 1852 ó fẹ́ David Hinderer, ará Jámánì, òjíṣẹ́ C.M.S. tí ó ti kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní 1851. Ní 1853 àwọn méjèèjì sì dé Kúdẹtì. Kò pẹ́ tí ìjòyè kan fi fa àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjìdé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́ láti kọ́ ìwé. Ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí náà ni Samuel Johnson kàwé ní kékeré, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ ní 1921. Anna kò bí ọmọ kankan. Àwọn ọmọ Kúdẹtì ni wọ́n ń pè é ní Ìyá.

Nígbà tí Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Ìjẹ̀bú dí, owó àti lẹ́tà kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá mọ́. Wọ́n ta ẹrù ilé wọn díẹ̀díẹ̀ kí àwọn ọmọ lè jẹun. Iṣu àti ẹ̀wà ni oúnjẹ wọn, nígbà mìíràn kò tó. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí: àwọn ológun Ìbàdàn wà lára àwọn tí ogun náà ti ọwọ́ wọn wá, síbẹ̀ àwọn ará ìlú kan náà ni wọ́n ṣàánú àwọn àlejò wọn. Ní 1865, Gómìnà Glover rán Ọ̀gágun Maxwell láti Èkó láti gba ọ̀nà igbó wá mú un. Wákàtí díẹ̀ ni ó fi múra, ó sì fi ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. David tẹ̀lé e lẹ́yìn náà lọ́dún yẹn. Wọ́n tún padà sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àìsàn kò fi í sílẹ̀. Ní 1869 wọ́n dágbére pátápátá.

Bí David ṣe di àlúfáà Martham nìyẹn. Ìyàwó àlúfáà abúlé kì í jókòó lásán. A máa ń retí rẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn àti lọ́dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́mọ, iṣẹ́ tí ọwọ́ Anna ti mọ́ ní Kúdẹtì. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù Júùnù, ọdún 1870, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, a sì sin ín sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Daniel Olúbí, ẹni tí ó ti wọ ilé wọn ní ọ̀dọ́mọkùnrin láti Abẹ́òkúta, ni ó ń ṣe alákòóso ìjọ Ìbàdàn nígbà náà. A fi í jẹ díákónì ní 1871. Ìyá rẹ̀ kò rí i.

Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Ẹni tí ó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Liverpool Street lọ sí Norwich, kí ó ti ibẹ̀ lọ sí Great Yarmouth. Bọ́ọ̀sì yóò gbé e dé Martham. Kí ó mú ìwé orin Yorùbá lọ́wọ́.