Àgbàrá Yàtọ̀ sí Omíyalé: Èdè-Ìperí fún Ìmúrasílẹ̀ De Ewu Ojú-Ọjọ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àjálù, ni àwọn atúmọ̀-èdè sábà máa ń lò fún òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, fún odò tí ó kún kọjá bèbè, àti fún ilé tí ó wó pa ènìyàn. Ìlò yìí kò ran ẹni tí yóò múra sílẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí ó já lu ni kò jọ ohun tí ènìyàn lè gbọ́n fún. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé àjálù ń bọ̀ lè rò pé àdúrà nìkan ni ó kù.

Bẹ́ẹ̀, èdè ojoojúmọ́ ti ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀. Àgbàrá ni omi òjò tí ń wọ́ lórí ilẹ̀. Àkúnya ni ti odò tí ó kọjá bèbè rẹ̀. Omíyalé ni omi tí ó yà wọ ilé. Nínú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí, ilé gan-an wà níbẹ̀: níbi tí kò bá sí ilé, omi kò rí ibi tí yóò yà sí. Nítorí náà, ó tọ́ kí àgbàrá àti àkúnya wà lábẹ́ ewu, kí omíyalé sì wà lábẹ́ àjálù. Ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Sendai, ní ilẹ̀ Japan, ní 2015 ya ewu sọ́tọ̀ kúrò lára àjálù bákan náà, ṣùgbọ́n omíyalé sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan.

Ìbàdàn jẹ́rìí sí i. Ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì gbẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 26 Oṣù Kẹjọ 2011, òjò tí ó ju 187 mìlímítà lọ rọ̀ sí ìlú kan náà. Àwọn tí ó kú lé ní 100. Òjò ni ewu. Ilé tí wọ́n kọ́ sí etí odò àti ìdọ̀tí tí ó dí ojú omi ni ó sọ ọ́ di àjálù. Ewu náà kò sì ní dínkù, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá gbóná sí i ní ìwọ̀n Celsius kan, oruku omi tí ó lè gbà á fi nǹkan bí 7 nínú 100 pọ̀ sí i.

Ìpalẹ̀mọ́ kò lè dúró fún iṣẹ́ tí ó ṣáájú ewu. Òótọ́ ni pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìpalẹ̀mọ́ ọdún àti ti ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹun tán tí ó ń kó àwo náà ń palẹ̀ mọ́. Kí ìmúrasílẹ̀ dúró fún kíkó ìdọ̀tí kúrò lójú odò àti mímọ ibi gíga tí ènìyàn yóò gbà lọ. Kí ìpalẹ̀mọ́ jẹ́ ti kíkó ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá fà. Ìtanilólobó náà dùn létí, ṣùgbọ́n olobó ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn yọ́ sọ sí ẹnì kan létí. Ìkìlọ̀ ṣáájú ewu jẹ́ ti gbogbo ìlú.

Ibi tí omíyalé kò ti tó ni ọ̀rọ̀ ẹranko. Ní 10 Oṣù Kẹsàn-án 2024, ìsédò Alau já ní ìpínlẹ̀ Borno, omi sì bo apá púpọ̀ nínú Maiduguri. Ní ọgbà ẹranko Sanda Kyarimi, àwọn alábòójútó ròyìn pé ó lé ní 80 nínú 100 ẹranko ibẹ̀ tí ó kú. Omi gbé ọ̀nì àti ejò wọ àdúgbò. Ẹranko inú ìgbẹ́ lè sá gun òkè. Èyí tí ó wà nínú àgò kò lè sá, bí ó bá sì jáde, òun náà di ewu fún aládùúgbò.

Àsálà kò bá wọn mu, nítorí pé nígbà tí ewu bá ti dé ni ènìyàn ń sá àsálà. Ìkúrò ṣáájú ni ó yẹ fún ẹni tí ó lè rìn. Ìkókúrò ni ti arúgbó, aláìsàn àti ẹranko inú àgò. Bí ìwé ìkìlọ̀ bá kàn sọ pé kí wọ́n kúrò ní etí odò, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni ó bá wí. Ó ku gbólóhùn tí yóò sọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tí yóò kó àwọn ẹranko lọ, àti wákàtí tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.