Orúnkún La Fi Ń Wọn Bẹ́ǹṣì

Ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì la fẹ́ sọ lónìí, bẹ́ǹṣì onípákó tí a máa ń gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí èèyàn ti ń jókòó wọ bàtà kó tó jáde. Iṣẹ́ ohùn àti fídíò ni mo fi ń jẹun, n kì í ṣe káfíńtà. Ṣùgbọ́n mo ti kan ọ̀kan nílé wa ní Ìbàdàn, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe lọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìyá àgbà wa ni mo tìtorí wọn kàn án. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọdún 80, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Àga rọ́bà ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, wọ́n á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ àga á sì máa yà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kí àgbàlagbà ṣubú kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Egungun ìbàdí lè kán, ẹni tó ń rìn lánàá á sì dẹni tí wọ́n ń gbé.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ rèé: ẹ wo ara ẹni tí yóò jókòó kẹ́ ẹ tó wo igi. Ọ̀pọ̀ bẹ́ǹṣì máa ń ga tó ínṣì 17 tàbí 18, ṣùgbọ́n ara ò dọ́gba. Mo ní kí ìyá àgbà wọ bàtà tí wọ́n fi ń jáde, kí wọ́n jókòó, mo wá na téèpù láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún wọn.

"Ṣé aṣọ lo fẹ́ rán fún mi ni?"

"Rárá, mà. Bẹ́ǹṣì ni."

"Bẹ́ǹṣì wo ni wọ́n ń wọn orúnkún fún?"

Ínṣì 17 ni mo bá. Mo fi 1 lé e, ó di 18. Bí ìjókòó bá rẹlẹ̀ ju orúnkún lọ, orúnkún náà ni yóò ru gbogbo ara sókè nígbà tí èèyàn bá ń dìde. Bó bá ga jù, ẹsẹ̀ á máa fì, etí pákó á sì máa há itan. Ẹ rántí pé pákó ìjókòó fúnra rẹ̀ wà nínú ínṣì 18 yẹn. Tirẹ̀ nípọn tó ínṣì 1 àti mẹ́ta nínú mẹ́rin, nítorí náà ínṣì 16 àti ìdámẹ́rin ló kù fún ẹsẹ̀.

Ohun kejì: ẹ wo bí èèyàn ṣe ń dìde. Ẹ dìde níbi tẹ́ ẹ wà yẹn, ẹ máa rí i pé ẹ kọ́kọ́ fa ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn sábẹ́ àga. Bí igi ìdábùú bá wà níwájú nísàlẹ̀, gìgísẹ̀ á kọ lù ú. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ìdábùú ìsàlẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, tí iwájú sì ṣófo. Mo tún jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjì tó wà lápá ọ̀tún yọ sókè ìjókòó ní ínṣì 8, mo sì fi pákó kan dé wọn lórí, kí ìyá àgbà lè rí nǹkan tẹ̀ dìde.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa fẹ̀ ní ínṣì 48. Mo fún ìjókòó ní ínṣì 14, ó ku 34 tí ẹni tó gbé ẹrù lè gbà kọjá. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, èèyàn méjì á jókòó síbẹ̀ láìfún ara wọn. Pákó tí a ń rà lọ́jà sì sábà máa ń gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ẹyọ kan á gé sí mẹ́ta géérégé.

Ọjà pákó Bódìjà ni mo lọ. Àrèrè fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, ó sì tètè ń há. Ìrókò lágbára, ikán kì í tètè rí i jẹ, àmọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń yún ara, ó sì ń da èèyàn láàmú ní imú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ bo imú yín. Ọ̀gànwó ni mo mú: ó le tó, ó sì dùn ún wò. Mo ra 2 báì 6 kan fún ìjókòó, wọ́n fi ẹ̀rọ fá a, wọ́n sì là á sí ìbú ínṣì 4 àbọ̀.

Pákó ọjà sábà máa ń tutù nínú. Mo tò ó sílé, mo fi igi tín-ín-rín sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè kọjá. Mo gé ègé kékeré kan, mò ń gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ìgbà tí kò fúyẹ́ mọ́ ni mo tó mú ayùn.

Igi gbígbẹ pàápàá kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń wú lásìkò òjò, ó ń sún kì lásìkò ọyẹ́. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́ẹ̀ yí, ìbú rẹ̀ ló ń yí. Pákó kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó ínṣì 14, tí ẹ wá kàn mọ́lẹ̀ gbọn-in, lè là. Nítorí náà mẹ́ta ni mo lò, mo sì fi àlàfo ìdámẹ́rin ínṣì sáàárín wọn. Mo fi síkírúù dè wọ́n láti abẹ́, n kò fi góòmù lẹ̀ wọ́n.

Ní ti ẹsẹ̀ àti ìdábùú, ìṣó nìkan kò tó. Bí èèyàn bá ń jókòó tó ń dìde, ìṣó á máa tú díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò sára ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì gé orí ìdábùú bí ahọ́n tí yóò wọ inú rẹ̀. Kí ahọ́n jẹ́ ìdámẹ́ta nínípọn pákó: bí pákó bá jẹ́ ínṣì 1 àbọ̀, ahọ́n á jẹ́ ìdajì ínṣì. Káfíńtà àdúgbò wa ló fi ihò àkọ́kọ́ hàn mí, èmi ni mo gbẹ́ ìyókù. Ẹ fi góòmù funfun sí i, ẹ fi okùn yí gbogbo rẹ̀ ká, kẹ́ ẹ fi igi lọ́ okùn náà títí yóò fi fún pinpin. Kó tó gbẹ, ẹ wọn ún láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì. Bí iye méjèèjì bá dọ́gba, kò wọ́.

Mo fi sáńdì pépà họ ọ́, mo fọwọ́ pa etí iwájú rẹ̀ kó má mú, mo kun fáníìṣì. Mo gé rọ́bà láti ara sílípáàsì àlòkù, mo kàn án sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí omi tí a fi ń nu ilẹ̀ má bàa máa wọ inú igi.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kan tiyín, ẹ má mú ínṣì 18 tèmi. Ẹ mú téèpù tọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kàn án fún lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tiẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ó dìgbà kan ná.