KỌ́KỌ́ NÁWÓ NÁ, KÍ WỌ́N TÓ SAN ÁN PADÀ: Òfin owó ọkọ̀ tó ń dá ọmọ ọlọ́pọlọ dúró sílé

Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ ní Òkukù, ní Ìnísà àti ní Ìkìrun kò ní ṣàìmọ ìtàn àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ tí wọ́n máa ń kó aṣọ fún èèyàn láwìn, tí wọ́n á sì wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè lọ́jọ́ tí àdéhùn bá pé. Aṣọ ni oníbàárà máa kọ́kọ́ rí, owó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọjà kan wà lóde báyìí tó yí ti òṣómàáló sódì pátápátá. Nínú ọjà ọ̀hún, ẹni tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ràn lọ́wọ́ ni yóò kọ́kọ́ kó owó tirẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó pe ara rẹ̀ ní olùrànlọ́wọ́ á wá san án padà bó bá yá. Owó ìrìnnà tí wọ́n ń fún ọmọ yunifásítì tó fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ níbi àpérò ìṣirò là ń wí.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Àpérò ìṣirò fún àwọn tí kò tíì gboyè kò ju pé kí ọmọ dìde níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ àtàwọn olùkọ́, kó fi bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣàlàyé nǹkan tó ti rò jinlẹ̀, tàbí kó lẹ bébà ńlá mọ́ ògiri, kó máa dá àwọn tó ń kọjá lóhùn. Ní Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ wà nínú ìpàdé MathFest tó máa ń wáyé nígbà ọlidé gígùn, ó sì wà nínú Joint Mathematics Meetings tí wọ́n ń ṣe ní January. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ dáadáa níbẹ̀, àwọn olùkọ́ láti yunifásítì mìíràn á ti mọ ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń rí ẹni tó máa gbà wọ́n fún ẹ̀kọ́ tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Owó ọkọ̀ débẹ̀ kì í ṣe owó fàájì o.

Kí wá ni ọmọ Òkukù fẹ́ lọ sọ fún òyìnbó nípa ìṣirò? Ó pọ̀! Ẹ mú márùndínláàádọ́ta. Ìyá tó ń ka ọsàn lọ́jà á pè é wọ́rọ́wọ́ láìronú, bẹ́ẹ̀ ìṣirò mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ogún lọ́nà mẹ́ta jẹ́ ọgọ́ta, ẹ yọ mẹ́wàá ó di àádọ́ta, ẹ tún yọ márùn-ún kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Òyìnbó kì í ka tiẹ̀ báyẹn. Claudia Zaslavsky, olùkọ́ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ònkà Yorùbá nínú Africa Counts tó jáde ní 1973. Ọmọ tó gbọ́ ònkà yìí lẹ́nu ìyá rẹ̀ náà lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Òkukù gan-an ti gba àlejò tó wá kẹ́kọ̀ọ́ rí. Karin Barber, obìnrin ará Ìlú Ọba, gbé ìlú náà ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ó ń gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin, ìwé tó kọ nípa rẹ̀, I Could Speak Until Tomorrow, sì jáde ní 1991. Ẹni tó wá kọ́ ti wa ti wá, ó ti kọ́ ọ. Ó ku kí ọmọ tiwa náà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Yunifásítì kò sì jìnnà sílé mọ́. Wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 2006, Òkukù sì wà lára àwọn ìlú tí wọ́n pín ọgbà rẹ̀ sí. Ẹ̀kọ́ nípa okòwò àti ètò àwùjọ ni wọ́n ń kọ́ ní ti Òkukù, àwọn onísáyẹ́ǹsì wà ní Òṣogbo. Onílé, aránṣọ àti olóúnjẹ ní Òkukù mọ àwọn ọmọ yunifásítì dáadáa, wọ́n mọ ìgbà tí owó bá wà lọ́wọ́ wọn àti ìgbà tí wọ́n bá ń jẹ ẹ̀wà àwìn.

RÌSÍÌTÌ DÀ?

Ẹ fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ ìyá aláta ní Òkukù, tó wà ní ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, àwọn elétò gbà á, wọ́n kọ̀wé pé owó ìrìnnà wà. Ilé dùn. Wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò láago. Ìgbà tí wọ́n bá ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀ ni ojú máa ń là.

Lọ́pọ̀ ibi, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí ọmọ ra tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, kó sanwó ilé tó máa sùn, kó dé ibẹ̀, kó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, kó wá kó rìsíìtì jọ ránṣẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n á tó sanwó, wọn kì í sì í sábà san gbogbo rẹ̀, torí iye kan wà tí wọn ò ní kọjá. Àìsàn dá ọmọ dúró, kò lè dìde sọ̀rọ̀ ńkọ́? Kò sówó. Rìsíìtì sọnù ńkọ́? Kò sówó. Ọmọ méjì ló jọ ṣe iṣẹ́ náà? Ẹni tó bá máa sọ̀rọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń sanwó fún. Bí ọmọ bá sì ti gboyè jáde kí ọjọ́ àpérò tó pé, àwọn kan á gbà á, àwọn mìíràn á ní kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́.

Ẹgbẹ́ wà tó ń ranni lọ́wọ́ lóòótọ́. Pi Mu Epsilon, ẹgbẹ́ onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Syracuse ní 1914, ti ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti lọ sọ̀rọ̀ ní MathFest. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń wò, àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà sì ni ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà wà. Ibo ni ọmọ tó wà ní Òṣogbo fẹ́ gbà wọlé?

Èyí tó tún yani lẹ́nu ni ti ọkọ̀ òfúrufú. Ó ti pẹ́ tí òfin ti wà ní Amẹ́ríkà pé ẹni tí owó ìjọba wọn bá gbé rìn gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfúrufú ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, àfi níbi tí òfin náà bá ti yọ̀ǹda ohun mìíràn. Owó ìjọba sì ni wọ́n ń lò nínú ọ̀pọ̀ ètò ìrànlọ́wọ́ yìí. Ìyá tó bá ọmọ rẹ̀ wá tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ rọlẹ̀, bóyá èyí tó gba Addis Ababa kọjá, lè rò pé òun ti bá àwọn olówó dín ìnáwó kù. Wọ́n lè wo rìsíìtì náà kí wọ́n ní àwọn ò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀dínwó ti di gbèsè nìyẹn!

Kí ẹ tó dé orí tíkẹ́ẹ̀tì rárá, owó fisa ń dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, dọ́là 160 ni ẹni tó fẹ́ gba fisa àbẹ̀wò Amẹ́ríkà ń san, dọ́là kan kò sì tó 480 náírà ní báńkì. Gbogbo rẹ̀ kò tó 77,000 náírà. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dọ́là 185, tí ìjọba Nàìjíríà náà sì tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ààyè ara rẹ̀. Nígbà tó fi di àárín 2024, dọ́là ti wà ní nǹkan bí 1,500 náírà. Ẹ fi 185 sọ 1,500 di púpọ̀, ó lé ní 277,000 náírà. Bí wọn ò bá fún ọmọ ní fisa, owó yẹn ò padà wá, kì í sì í ṣe gbogbo àwọn tó ń san owó ìrìnnà ló ń ka owó fisa mọ́ ọn. Bó bá wá jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ nílé ló ní òun á dá owó padà ní náírà, ìyá aláta mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé iye náírà kan náà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kì í ra iye ata kan náà.

OWÓ WÀ, ṢÙGBỌ́N TI OLÙKỌ́ NI

Ẹlòmíì á béèrè pé, ṣé ìjọba ò lówó fún irú èyí ni? Ó ní. TETFund, tí òfin 2011 gbé kalẹ̀, ń fún àwọn yunifásítì ìjọba, títí kan ti ìpínlẹ̀, lówó tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn fi ń lọ sí àpérò. Òṣìṣẹ́ o! Olùkọ́ lè lọ, ọmọ tó bá a ṣe iṣẹ́ náà á dúró sílé, á máa ṣàdúrà kó lọ re kó bọ̀ re. NELFUND, tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìgba èlé lábẹ́ òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní April 3, 2024, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sísan owó ilé ìwé tààrà fún ilé ìwé, àti 20,000 náírà lóṣù fún ọmọ láti fi gbọ́ bùkátà. Ti àpérò ò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ tún gbólóhùn yẹn kà: tààrà fún ilé ìwé. Wọn ò ní kí ọmọ lọ yáwó san ná, kó wá mú rìsíìtì bọ̀. Bó bá ṣeé ṣe fún owó ilé ìwé, kí ló dé tí kò fi ní ṣeé ṣe fún tíkẹ́ẹ̀tì? Ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò AIMS, tó bẹ̀rẹ̀ ní Muizenberg létí Cape Town ní 2003, tó sì ti dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Senegal, Ghana, Cameroon àti Rwanda, ka ìrìnnà mọ́ ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tó ń fún àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń wá oyè kejì. Ìdíje ìṣirò àgbáyé ti àwọn ọmọ girama, tó bẹ̀rẹ̀ ní Romania ní 1959, pín ẹrù náà sí méjì: orílẹ̀-èdè tó gbàlejò ló ń bọ́ àwọn ọmọ tó sì ń fún wọn nílé, orílẹ̀-èdè tó rán wọn ni ọkọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Òfin náà ò dárúkọ àpò ìyá ọmọ.

Olówó tó dá owó padà ṣe dáadáa, kò sẹ́ni tó sọ pé kò ṣe é. Àmọ́ òfin pé kéèyàn kọ́kọ́ náwó ti yan ẹni tó máa lọ kí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò tó jókòó. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní káàdì tó lè san dọ́là ló ń lọ. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé jù lè máà lọ.

KÍ ÌYÁ TÓ YÁ OWÓ ÈLÉ

Ìbéèrè kan wà tí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ ránṣẹ́ kí ìyá tó tú owó kankan: ṣé ẹ̀yin fúnra yín lè bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì náà? Ojú máa ń ti àwọn ọmọ láti béèrè. Ìtìjú kí ni? Àwọn elétò mìíràn á rà á bí wọ́n bá mọ̀ pé ọmọ ò ní. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, kó béèrè iye tí wọ́n máa san gan-an, irú rìsíìtì tí wọ́n ń gbà, ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n fọwọ́ sí, àti ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ́yìn àpérò ni owó máa jáde. Kí ìdáhùn wà nínú ìwé, ọ̀rọ̀ orí fóònù ò tó.

Ẹ ṣọ́ àwọn gbájú-ẹ̀ náà. Ìwé ìpè wà tó ń ki ọmọ bí ẹni ń ki ọba, tí kò béèrè nǹkan kan nípa iṣẹ́ tó ṣe, tó jẹ́ pé owó ìforúkọsílẹ̀ ló ń lé kiri. Àpérò gidi náà lè gba owó ìforúkọsílẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti dá wọn mọ̀. Kí ìyá mú ìwé lọ bá olùkọ́ ìṣirò kó tó mú owó lọ bá ẹnikẹ́ni.

Owó èlé ni kẹ́ ẹ sá fún jù. Gbèsè tó ń bímọ lóṣooṣù ò lè dúró de owó tí kò ní ọjọ́. Èsúsú sàn: bí ọmọ bá ti mọ oṣù tí àpérò bọ́ sí, kí ìyá bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kó ṣáájú oṣù náà, kó wá máa fi owó tó bá padà wá dá èyí tó kù. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà lè ya owó kan sọ́tọ̀ tí kò ní jẹ́ ẹ̀bùn. Ọmọ kan á fi lọ, bí wọ́n bá san án padà fún un á dá a padà sápò ẹgbẹ́, ọmọ mìíràn á tún fi lọ. Owó kan ṣoṣo lè gbé ọmọ márùn-ún débẹ̀.

Kò sì di dandan kó jẹ́ Amẹ́ríkà. Ní December 2025 ni ààrẹ ibẹ̀ fọwọ́ sí àṣẹ kan tó dá fífún ọmọ Nàìjíríà ní fisa àbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́ dúró, àṣẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2026. Ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó rí fisa, ẹ̀kọ́ ńlá ló kọ́. Accra, Kútọnu àti Dakar kì í béèrè fisa lọ́wọ́ wa ní tiwọn: àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa láyè ọjọ́ 90. Ta ló sì fẹ́ júwe ọ̀nà Ghana fún àwọn àgbà Ìnísà àti agbègbè rẹ̀, àwọn tó ṣòwò níbẹ̀ kí ìjọba Busia tó lé àlejò ní ìparí 1969? Ọkọ̀ ilẹ̀ ń dé Accra. Bí owó rẹ̀ ò bá tiẹ̀ padà wá, kò ní tú ìsọ̀ ìyá aláta ká.

Pásípọ́ọ̀tù nìkan ni kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Láti September 1, 2025 ni wọ́n ti sọ olójú-ewé 32, tó ń lo ọdún márùn-ún, di 100,000 náírà. Owó yẹn kì í sábà sí nínú ohun tí àwọn elétò àpérò ń dá padà, kí ọmọ tó lérò àtilọ yáa tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti rin irú ìrìnàjò yìí rí, yálà fún ìṣirò ni tàbí fún ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹ kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà. Oṣù mélòó ni owó yín fi padà dé, èló ló sì dín nínú rẹ̀?